Irun Tí Jameelah Gbé Sábẹ́ Ìbòrí

Bí ẹ bá pàdé mi lójú títì ní Mushin, tí apá ọ̀tún orí mi dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, tí apá òsì sì dà bí ibi tí adìyẹ ti jà, ẹ má ṣe káàánú mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Àǹtí Àmúdàtù wà lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, onídìrí ni wọ́n, orí mi sì ni pátákó ìkọ̀wé wọn. Láti ìgbà tí mo ti lè dá jókòó ni wọ́n ti ń dán gbogbo nǹkan wò lórí mi. Àwọn ọmọ mìíràn ń gba bisikíìtì lọ́wọ́ àǹtí wọn. Èmi ń gba òòyà lórí.

Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìdí-Òro, láàárín ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ àti ẹni tó ń tún fáànù ṣe. Kò fẹ̀ rárá. Bí oníbàárà méjì bá ti jókòó, ẹni kẹta gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Àǹtí kúrú, wọ́n sì sanra díẹ̀ (bí wọ́n bá ka ibí yìí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n), ọwọ́ wọn sì yá débi pé wọ́n lè máa di irun, kí wọ́n máa jẹ gúgúrú, kí wọ́n tún máa bá ẹni tó wà ní òdìkejì títì jà, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fi lè mi orí, òòyà á dún lágbárí rẹ: kọ́!

"Ṣé fáànù ni ẹ́ ni? Bó bá jẹ́ fáànù ni ẹ́, sọ fún mi kí n gbé ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yìí kí wọ́n bá mi tún ẹ ṣe."

Ọ̀sán Àlàmísì kan ni Jameelah wọlé. Ọmọ àdúgbò wa ni, ọmọ Àlàájà Munirah. Àǹtí ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀ láyé, nígbà tí irun náà ṣì rí wúyẹ́wúyẹ́ bíi òwú tí wọ́n fẹnu fẹ́ sórí ọmọ. Àwọn náà ló di ti ìwọlé sí iléèwé, ti wólímọ̀, ti ìdánwò àṣekágbá. Nísinsìnyí, ọmọ náà ti di àfẹ́sọ́nà, ó sì ń rìn bí ẹni tó ní nǹkan kan láti gbà.

"Àǹtí, nìkáà mi ò pẹ́ mọ́ o."

"Mo gbọ́, ìyàwó. Gbé àwòrán wá." Àǹtí ti na ọwọ́ síta fún fóònù rẹ̀.

"Kò sí àwòrán, mà."

"Báwo ni kò ṣe sí àwòrán? Ṣé bátìrì ti kú ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ ní lọ́jọ́ tí mo bá ń ṣe ìyàwó, ẹ máa di irun tí orí kankan ò tíì gbé rí fún mi. Mo wá gbà á ni."

Àǹtí wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ojú mi. "Èmi? Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ ń di ti iléèwé fún mi, tí mò ń sunkún."

"Jameelah! Ọ̀rọ̀ tí mo fi tan ọmọ tó ń sunkún lo gbé pamọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá? Ṣé lọ́yà lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Èmi náà dá sí i, nítorí pé mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí n máa wò ó. Mo ní, "Ṣùgbọ́n Jameelah, wọ́n á kúkú da ìbòrí bò ọ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìyá ọkọ rẹ ò fẹ́ rí fọ́nrán irun kan lóde. Ta ló máa rí i?"

"Èmi," ni ó wí. "Èmi á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ó wá sọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní gbogbo nǹkan ọjọ́ náà pátá ni wọ́n ti bá òun yàn: àwọ̀ aṣọ, oúnjẹ, àáfà tó máa ṣe wáàsí, kódà irú bàtà tí òun máa wọ̀. Irun yìí nìkan ló ṣẹ́ kù tó lè jẹ́ tòun. Ó ní bí ó bá jẹ́ irun tí gbogbo èèyàn ń dì ni, òun kúkú lè lọ sí ibikíbi.

Bó ṣe jáde tán, Àǹtí jókòó sórí àpótí oníbàárà, ibi tí wọn kì í jókòó sí. Wọ́n ní, "Aneesah, wàhálà dé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kí fóònù tó gba ìgboro, Àǹtí máa ń dá irun tiwọn ṣe. Màámi sọ fún mi pé bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn obìnrin á máa yọjú sí ṣọ́ọ̀bù láti wo èyí tí Àmúdàtù fẹ́ gbé jáde lọ́dún náà. Ìgbà tí fóònù dé, oníbàárà ò béèrè mọ́; wọ́n á kàn na fóònù sí wọn lójú: "Irú eléyìí ni mo fẹ́ o, Àǹtí." Àǹtí á wò ó, wọ́n á dì í bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọwọ́ wọn kò bàjẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti gbàgbé bó ṣe ń dá rìn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ronú ni pé wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á di ojú.

"Àǹtí, ẹ ń sùn."

"Mò ń ronú."

"Ìrònú yín ń hanrun, mà."

Kọ́! Òòyà.

Bí wọ́n bá ronú tán, wọ́n á ní kí n gbé orí mi wá. Àkọ́kọ́ jáde bí èyí tí gbogbo Mushin dì lọ́dún tó kọjá. Èkejì dà bí akàn tó ń wá ọ̀nà ilé. Ẹ̀kẹta, mi ò tíì lè ṣàpèjúwe rẹ̀ di òní. Mo gbé e lọ sí iléèwé wa ní Yaba nítorí pé mo ní ìdánwò, ọ̀rẹ́ mi Bright sì wò ó yí po, ó ní, "Aneesah, ṣé wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é mú?"

Ó ń dun Àǹtí. Mo rí i. Wọn ò jẹ gúgúrú mọ́. Wọ́n ń sọ pé bóyá kí Jameelah kúkú lọ bá ẹlòmíràn. Èmi ò sì lè máa wo ẹni tí mo fẹ́ràn kó máa fajúro kí n má wá nǹkan ṣe sí i. Nǹkan tí mo wá ṣe nìyí: mo mú kọ́ìlì kan, èyí tí a ń dáná sí kí ẹ̀fọn lè sá, mo tẹ́ ẹ sórí ìwé funfun, mo ya fọ́tò rẹ̀ láti tòsí pẹ́kípẹ́kí, mo sì fi fóònù sọ àwọ̀ rẹ̀ di dúdú dídán. Mo gbé e lọ bá wọn.

"Àǹtí, ẹ wo irun tó ń jà ní Sẹ̀nẹ̀gà báyìí."

Wọ́n gba fóònù. Ojú wọn là. "Hẹn-ẹn! Ẹ wo iṣẹ́! Aneesah, wo bí poro yẹn ṣe yí láìfọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ò fi irun ṣeré o. Ta ló dì í?"

"Wọ́n ń pè é ní Màdáàmù Fátù."

"Ọwọ́ Fátù yìí mọ́. Ọlọ́run bù kún ọwọ́ náà. Jókòó."

Mo jókòó. Mo ń bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa jáde. Wọ́n dì í láti àwùjẹ, ó ń yí, ó ń yí, ó ń fẹ̀ lọ títí dé ẹ̀bátí, wọ́n sì ń yin Fátù ní gbogbo ìgbà tí poro bá ti yí. Nígbà tí wọ́n parí, mo dìde, mo gbé kọ́ìlì gan-an síwájú dígí, mo ṣáná sí i.

"Ẹ bá mi kí Màdáàmù Fátù, mà."

Àǹtí wo kọ́ìlì. Wọ́n wo orí mi. Wọ́n tún wo kọ́ìlì, èéfín ń lọ sókè jẹ́jẹ́. Ọkùnrin tó ń tún fáànù ṣe ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátákó. Ẹ̀rín pa á débi pé irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kọ́ìlì!" Wọ́n fi òòyà lé mi títí dé etí gọ́tà. "Èmi Àmúdàtù! Mo di kọ́ìlì sórí ọmọ èèyàn! Mo tún ń ṣàdúrà fún un!"

Mo ní láti padà nítorí pé bàtà mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé òòyà ló máa pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Àǹtí jókòó, wọ́n ti tú páálí kọ́ìlì, wọ́n gbé méjì tó ṣì lẹ̀ mọ́ra sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń yí i wò.

"Wá wò ó. Kì í dá wà. Méjì ni, ọ̀kan wé wọ inú èkejì. Fọ́tò rẹ ò fi ìyẹn hàn mí."

"Àǹtí, ẹ má bínú mọ́."

"Ta ló ń bínú? Jókòó kí n tú u. Mo fẹ́ kí méjèèjì wà níbẹ̀."

"Ẹ tún fẹ́ tú u? Mo ti tọrọ àforíjì!"

Wọ́n tú u, wọ́n sì tún un dì, méjì tó wé mọ́ra láti àárín orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dára. Nígbà tí mo gbé e kọjá ní Ojú Ẹlẹ́gbà, obìnrin méjì dá mi dúró, wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti ṣe é. Àǹtí gan-an ni inú wọn kò dùn tó. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ti Jameelah. Jameelah kì í yí po. Ọmọ yẹn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ṣe ń rìn, tààrà ni." Wọ́n ní ohun tí àwọn rí gbà nínú rẹ̀ ni pé, àwọn ti ń dijú láti ronú, nígbà tí kọ́ìlì wà lábẹ́ àga àwọn.

Ìgbà náà ni ìyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n lajú. A ò lè rìn lọ ra iyọ̀ mọ́ kí wọ́n má dúró. Wọ́n wo ilá tí wọ́n gé. Wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń to iṣu. Wọ́n wo ojú táyà, wọ́n dì í sórí mi, mẹkáníìkì kan sì bi mí bóyá mo sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ní Surulere, wọ́n dúró níwájú géètì onígéètì, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń fi ìka di irun nínú afẹ́fẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì yọjú.

"Màdáàmù, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mò ń wo irun yín ni."

"Irun?"

"Irun ara géètì yìí. Ẹ wo ibi tó ti pàdé yẹn."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo rọra fi ìka kan agbárí mi, mo mi orí tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Àánú ṣe é. Ó gbé àga wá fún Àǹtí, ó sì bu omi tútù fún wọn. Nígbà tí a ń lọ, Àǹtí ní, "Ọkùnrin yẹn lọ́yàyà o."

"Ó lọ́yàyà gan-an, mà."

Ìwáyà, lẹ́bàá ọ̀sà, ni ojútùú ti wá yọjú. A lọ di irun fún oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nígbà tí a sì ń padà, a bá Bàbá Morákinyọ̀ létí omi, apẹja ará Ìlàjẹ kan, tí wọ́n tẹ́ àwọ̀n sórí itan tí wọ́n ń tún un ṣe. Àǹtí dúró. Mo mọ ìdúró yẹn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di orí mi mú.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú àwọ̀n yìí ṣe dọ́gba báyìí?"

Bàbá fi igi pẹlẹbẹ kan hàn wọ́n, tí kò gùn ju ìka lọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ so kókó kan, wọ́n á yí òwú gba ara igi náà kí wọ́n tó so ó. Gbogbo ojú àwọ̀n á wá jẹ́ ọ̀kan náà.

"Ẹja wo lẹ fẹ́ pa?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Kì í ṣe ẹja, sà. Orí ni."

Bàbá gbé ojú sókè, wọ́n wo orí mi pẹ̀lú táyà lórí rẹ̀. "Ẹ̀n. Mo rí i pé ó nílò ìrànlọ́wọ́."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí iyanrìn. Wọ́n béèrè pé bí àwọ̀n bá fẹ́ súnkì ńkọ́, nítorí pé orí èèyàn rí rogodo, àwọ̀n sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá ní kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀: bí àwọn bá dé ibi tí àwọ̀n ti ń fún, àwọn á so ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan, àwọn á sì máa bá a lọ. Wọ́n ṣe é lójú wa, lẹ́ẹ̀kan kíákíá, lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́. Ìka Àǹtí ń tẹ̀ lé wọn lókè.

Igi áísìkiriìmù ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n nílé. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fà á le jù. Ìpéǹpéjú mi lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó kí mi ló rò pé ìròyìn ńlá kan ni wọ́n gbé wá bá mi. Ìgbà kejì, wọ́n dẹ ọwọ́. Ojú àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín níwájú orí, ó ń fẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tó sì dé ìpàkọ́, méjì-méjì ń pàdé di ẹyọ kan títí gbogbo rẹ̀ fi parí sí kókó kékeré kan. Mo wò ó nínú dígí, mi ò rí ọ̀rọ̀ àwàdà kankan sọ. Ẹ̀rù ba Àǹtí. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ẹ́? Kò dára ni?"

Ọjọ́ tó ku ọ̀la ni wọ́n dì í fún Jameelah. Ó sùn pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a dé ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ nìkáà, tí wọ́n sì gbé ìbòrí lé e, ìbòrí náà yọ̀.

Síìlíkì funfun ni, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí etí rẹ̀, ó wúwo. Ìpara tí Àǹtí fi tọ́ irun náà ti mú un dán bí ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́. Bí Jameelah bá tẹrí ba báyìí, ìbòrí á sá lọ sẹ́yìn, ṣùú! Wọ́n gbé e padà, ó tún lọ. Àlàájà Munirah fẹ́ fi píìnì dì í mú, píìnì ò rí ibi dúró láàárín àwọn ojú àwọ̀n. Àwọn ọkùnrin ti ń pariwo níta pé àáfà ti dé. Ìyàwó sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó tẹrí ba gba àdúrà lójú gbogbo ayé.

"Àmúdàtù," ni Àlàájà Munirah wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ẹ pa á pọ̀ sẹ́yìn lásán kí a máa lọ."

Jameelah di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì ń kún ojú rẹ̀ lórí àtíkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Mo wo Àǹtí. Wọ́n dúró, ọwọ́ wọn rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Àlàájà Munirah fi ìbínú yíjú sí àwọn kúlà oúnjẹ tó wà nílẹ̀, wọ́n ń pa wọ́n dé. Ìdérí kan kọ̀, ó ń yọ̀ síbí, ó ń yọ̀ sọ́hùn-ún, àfi ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ ojú rẹ̀: kọ̀! Ó dúró gbọin.

"Àlàájà, ẹ ṣí i," ni Àǹtí wí.

"Kí ni kí n ṣí?"

"Kúlà yẹn."

"Ìrẹsì ló wà níbẹ̀, Àmúdàtù! Ṣé ebi ló ń pa yín ní àkókò yìí?"

Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí i fúnra wọn. Wọ́n fi ìka tọ etí kúlà náà yí po: òkè kan, kòtò kan, òkè mìíràn, etí ìdérí á wọ inú kòtò, kò ní lè sá síwájú, kò ní lè sá sẹ́yìn. Wọ́n gbé orí sókè. "Aneesah, òwú. Òòyà. Sáré!"

Wọn ò fọwọ́ kan àwọ̀n náà. Etí iwájú nìkan ni wọ́n tú. Wọ́n fi òwú dúdú kún irun, wọ́n di òkè kan láti etí ọ̀tún dé etí òsì, wọ́n fi àyè tóóró kan sílẹ̀, wọ́n sì di òkè kejì tẹ̀ lé e. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin ń kanlẹ̀kùn. Nínú ilé, èmi ń parọ́ fún wọn. Mo ní ìyàwó ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n tún kanlẹ̀kùn. Mo ní àlùwàlá náà bàjẹ́, ó ń tún un ṣe. Ìgbà kẹta, mo ní omi ló tán.

Àǹtí gbé ìbòrí lé e, wọ́n tẹ etí rẹ̀ bọ inú kòtò náà. "Tẹrí ba."

Ó tẹrí ba. Ìbòrí dúró.

"Mi orí."

Ó mi orí bí ewúrẹ́ tí òjò pa, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ṣẹ̀. Ìbòrí dúró.

Ẹ rò pé a wá jáde? Jameelah ní òun kò tíì rí ẹ̀yìn orí òun pẹ̀lú ojú ara òun láti àárọ̀. Ó ṣí ìbòrí, ó gba dígí méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó ń wo ibi tí àwọn ojú àwọ̀n ti ń pàdé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó díẹ̀ sí i." Bẹ́ẹ̀ ni a wà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Basheerah láti Surulere, wọlé.

"Kí ló dé tí ẹ ń dá àáfà dúró?"

Orí Jameelah wà ní gbangba. Àlàájà Basheerah ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn wọn, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rìn yí i ká, wọ́n tún rìn yí i ká.

"Ta ló di èyí?"

Mo tọ́ka sí Àǹtí kíákíá kí wọ́n tó lè sá sẹ́yìn mi. Wọ́n kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Níbo lẹ ti rí àwòrán rẹ̀?"

"Kò sí àwòrán, mà. Àwọ̀n ni. Àti... àti kúlà."

"Kúlà?"

"Kúlà ìrẹsì, mà."

Àlàájà Basheerah wo kúlà tó wà nílẹ̀, wọ́n wo iwájú orí Jameelah. Wọ́n fi ìka kan tọ kòtò náà lọ láti etí dé etí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé hìjáàbù tiwọn sókè díẹ̀, irun wọn funfun báláú, wọ́n kó o pọ̀ ní kókó kan.

"Ṣé ó lè dúró lórí ewú?"

"Ewú gan-an ló máa gbé e yọ, mà," ni Àǹtí wí láti ilẹ̀.

"Ẹ gbé ìyàwó jáde o!" Ohùn ọkùnrin ni, láti ìta.

"Ẹ ní sùúrù!" ni Àlàájà Basheerah ké padà. "A ń ṣe nǹkan!" Wọ́n gba dígí kan lọ́wọ́ Jameelah. "Yíjú, jẹ́ kí n bá ẹ gbé e sókè. O ò lè rí ìpàkọ́ rẹ dáadáa báyẹn."

Nígbà tí a jáde níkẹyìn, Jameelah kúnlẹ̀, ó tẹrí ba fún àdúrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ìbòrí funfun náà kò mira. Abdulmuiz ni ọkọ Jameelah. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dúró nítòsí wa ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ìyàwó náà rẹwà gan-an ni, pé òun rí i láti orí dé ẹsẹ̀.

Àǹtí fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Èmi náà gbún Àlàájà Munirah. Aṣọ ló rí.